Kì í ṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì tòkunbọ̀ ló yẹ ká bẹ̀rù

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Àpilẹ̀kọ yín lọ́sẹ̀ tó kọjá lórí rọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń lọ tó ń bọ̀ dára, àmọ́ a ò fara mọ́ ibi tí ẹ parí rẹ̀ sí, pé kí Nàìjíríà má gbé sátẹ́láìtì rẹ̀ lé ohun tí wọ́n ti lò rí. Tòkunbọ̀ ni ẹ pè é. Orúkọ náà tilẹ̀ bá a mu ju bí ẹ ṣe rò lọ, torí orí ọkọ̀ pẹrẹsẹ lójú òkun ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń bọ̀ lóòótọ́.

Kì í ṣe odindi rọ́kẹ́ẹ̀tì ló ń padà. Ìpele méjì ni Falcon 9, rọ́kẹ́ẹ̀tì SpaceX, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan. Ìpele ìsàlẹ̀ tó ní ẹ́ńjìnnì mẹ́sàn-án ló ń bọ̀; ìpele òkè tó ń gbé ẹrù dé ibi tó ń lọ, àlọ rẹ̀ nìkan là ń rí. Owó tó wà lára ẹ́ńjìnnì mẹ́sàn-án yẹn ni wọn ò fẹ́ kó ṣòfò.

Kò sí páráṣúùtù níbẹ̀ o. Bí ó bá ti fò fún nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀, ìpele méjèèjì á já ara wọn sílẹ̀. Ti òkè á máa sáré lọ títí yóò fi máa rin 28,000 kìlómítà ní wákàtí kan (eré yẹn kò ní gba ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún láti Ifẹ̀ dé Iléṣà). Ti ìsàlẹ̀ á fi afẹ́fẹ́ naitrójìn yí ara padà, ẹ́ńjìnnì mẹ́ta á tún tàn láti dín eré rẹ̀ kù kó tó wọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ki, abẹ̀bẹ̀ onírin mẹ́rin tó lójú bí asẹ́ á sì máa tọ́ ọ sọ́nà.

Ìgbà tó bá kù díẹ̀ kó kanlẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ló sábà máa ń tàn nígbà náà, ṣùgbọ́n epo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ọkọ̀ ti fúyẹ́. Bó ti wù kí wọ́n rẹ ẹ́ńjìnnì náà sílẹ̀ tó, agbára rẹ̀ ṣì ju ìwúwo ọkọ̀ lọ, kò lè rà bàbà bí àwòdì. Bí ó bá yá jù kó tó tàn, á dúró lójú òfuurufú, á tún máa gòkè. Bí ó bá pẹ́ jù, á fi ìdí sọlẹ̀. Àfi kí eré rẹ̀ tán gẹ́lẹ́ níbi tí ilẹ̀ wà. Epo tó ń pa mọ́ láti fi padà bọ̀ yìí sì ń jẹ nínú ẹrù: bí wọn ò bá retí rẹ̀ padà, ó lè gbé 22,800 kìló lọ sí ìtòsí ayé, bí yóò bá bọ̀, nǹkan bíi 17,000.

Ó máa ń bàjẹ́, a ò ní purọ́. Ní oṣù kìíní 2016, ọ̀kan balẹ̀ wẹ́rẹ́, àmọ́ ẹsẹ̀ kan nínú mẹ́rin kò há, ló bá wó, ó gbaná. Kùrukùru tó di yìnyín sí ìkọ́ ẹsẹ̀ náà ni wọ́n fura sí. Ní oṣù kejì 2018, èròjà ìtanná tán lára òpó àárín Falcon Heavy (rọ́kẹ́ẹ̀tì SpaceX tí òpó mẹ́ta bí ìpele ìsàlẹ̀ Falcon 9 so pọ̀), ẹ́ńjìnnì kan péré tàn nínú mẹ́ta, ó sì já lu òkun. Ní oṣù kejìlá ọdún kan náà, pọ́ǹpù tó ń yí abẹ̀bẹ̀ dákú, òyì gbé òmíràn sómi.

Ẹ wò ó dáadáa: tuntun ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òpó méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Falcon Heavy ọjọ́ yẹn gan-an ni tòkunbọ̀, àwọn ló sì balẹ̀ pọ̀ bí ìbejì. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹrù ti lọ kí wàhálà tó dé. Sátẹ́láìtì Jason-3 tí ti 2016 gbé dé ibi tó ń lọ láìfarapa. Àbọ̀ ló bàjẹ́, kì í ṣe àlọ. Ní 2025, ọ̀kan nínú àwọn ìpele ìsàlẹ̀ Falcon 9 ti fò tó ìgbà ọgbọ̀n.

 

Àwa náà ti wọ tòkunbọ̀ rí. Ní oṣù kẹfà 2017, Nigeria EduSat-1, sátẹ́láìtì kékeré tí FUTA Àkúrẹ́ lọ́wọ́ sí, bá Falcon 9 lọ nínú ọkọ̀ ẹrù Dragon tó ti lọ sókè ní 2014. Ó dé. NigComSat-1, sátẹ́láìtì ìbánisọ̀rọ̀ wa, ńkọ́? Rọ́kẹ́ẹ̀tì China tí ẹnikẹ́ni ò lò rí ló gbé e ní 2007. Ní oṣù kọkànlá 2008, ó ti kú, torí ẹ̀rọ tó ń gba agbára oòrùn lára òun fúnra rẹ̀ ló daṣẹ́ sílẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kọ́ sátẹ́láìtì oníbùú 10 sẹ̀ǹtímítà ní ọgbà OAU, níbi tí ARCSSTE-E, ibùdó ẹ̀kọ́ ìmọ̀ òfuurufú fún Áfíríkà, wà láti 1998, sátẹ́láìtì náà fúnra rẹ̀ ni kí ó bẹ̀rù: kí ó gbé e sórí tábìlì tó ń gbọ̀n, kí ó tì í mọ́ inú àpótí tí a fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán, kí ó mú un gbóná, kí ó mú un tutù, kí ó sì wò ó bóyá okùn tó di áńtẹ́nà rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí iná bátìrì gbọ́dọ̀ jó já kí áńtẹ́nà tó lè nà, ṣì ń já nígbà tí òtútù bá ti mú bátìrì.

Àwa òǹkàwé yín,
Parakin, Ilé-Ifẹ̀.