Àkùkọ nìkan kọ́ ló gba Đurđevac là

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tí ẹ kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá nípa ilé olódi ìlú Đurđevac, ní àríwá Kroatíà. Èmi náà ti fẹsẹ̀ ara mi débẹ̀, nígbà tí mo lọ kí ọmọ mi tó ń kàwé ní Zagreb. Ìdí nìyí tí ohun méjì nínú ọ̀rọ̀ yín kò fi ṣeé gbé mì fún mi.

Ẹ ní "àwọn Lárúbáwá" ló dó ti ìlú náà. Rárá o. Ogun Ottoman ni, ogun ọba Tọ́kì, Ulama-beg ló sì ṣáájú wọn lọ́dún 1552. Kì í ṣe gbogbo Mùsùlùmí ni Lárúbáwá. Ilé ta ni kò ti sí Mùsùlùmí níbí, tí a ò fi mọ ìyẹn?

Èyí tó dùn mí jù ni ti àkùkọ. Ẹ gbé e sójú ewé ìtàn bí ẹni pé ìṣojú yín ló ṣe. Fún ẹni tí kò kà á: wọ́n ní ebi ti fẹ́ lu àwọn tó wà nínú odi pa, àkùkọ kan ṣoṣo ló kù. Ìyá arúgbó kan ní kí wọ́n kì í sínú àgbá, kí wọ́n yìn ín sáàárín ọ̀tá. Àkùkọ bá já bọ́ sí àgọ́ Ulama. Ulama ní, àwọn tó ń fi adìẹ ṣòfò báyìí, ìgbà wo lebi máa tó pa wọ́n? Ló bá kógun rẹ̀ kúrò, ó sì gégùn-ún fún wọn pé Picoki ni wọn yóò máa jẹ́. Picok ni wọ́n ń pe àkùkọ ní ẹ̀ka èdè ibẹ̀. Pijetao ló ń jẹ́ nínú ìwé. Orúkọ èébú yẹn ni wọ́n fi ń yangàn dòní, wọ́n sì ń ṣeré rẹ̀ ní gbangba lópin oṣù kẹfà ọdọọdún.

Ó dùn, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sí Carcassonne ní ilẹ̀ Faransé: wọ́n ní obìnrin kan fi ọkà bọ́ ẹlẹ́dẹ̀ yó, ó jù ú sílẹ̀ láti orí odi, ni ogun ọba Charlemagne bá ṣí. Ẹran nìkan ni wọ́n pààrọ̀.

Omi lẹ ò mẹ́nu bà. Àárín irà ni wọ́n kọ́ ilé náà sí, ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ odò Drava. Ẹni tó bá fẹ́ wó odi gbọ́dọ̀ wọ́ àgbá ńlá sún mọ́ ọn. Ibo ni yóò gbé e lé tí ẹrẹ̀ ò ní gbé e mì? Lọ́dún 1552 yẹn náà ni Virovitica àti Čazma, ìlú méjì mìíràn ní Kroatíà, bọ́ sọ́wọ́ Tọ́kì. Đurđevac kò bọ́. Ó di ẹnubodè àwọn ọba Habsburg, ìdílé tó ń jọba ní Austria, ìlú àwọn àgbẹ̀ tó ń fọwọ́ kan roko, tí wọ́n ń fọwọ́ kejì di ìbọn mú. Ọdún 1871 ni wọ́n tó tú ètò ológun yẹn ká níbẹ̀. Ohun tó lé ní 300 ọdún, ẹ ò kọ gbólóhùn kan nípa rẹ̀!

Ilé náà kò tóbi. Mo gba orí afárá wọlé, mo fọwọ́ pa bíríkì pupa ara ògiri. Ó ti jẹ létí, ó ń rún sí mi lọ́wọ́. Nínú, àwọn yàrá yí àgbàlá kan ká bíi ti agboolé wa. Àwòrán ni wọ́n gbé kọ́ sára ògiri báyìí. Omi ti gbẹ lẹ́yìn odi, koríko ló wà níbẹ̀, àwọn ọmọdé sì ń gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún "Lárúbáwá" yẹn ṣe nínú ìwé ìròyìn tó ń bọ̀, kẹ́ ẹ sì fi ọdún 1552 sí i. Àkùkọ lè dúró síbi tó wà, àmọ́ kẹ́ ẹ kọ "wọ́n ní" síwájú rẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ ìtàn tó ti fẹ̀yìn tì,
Ìbàdàn.