Ẹ Ka Ọdún Wa Kó Pé

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Mo ka lẹ́tà tí bàbá kan kọ sínú ìwé ìròyìn yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi tí wọ́n ti ń bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn ọmọ ìsinsìnyí pé wọn kì í pẹ́ níbi iṣẹ́, pé kó tó pé oṣù mẹ́fà wọ́n á ti gba ibòmíràn lọ. Bàbá ní láyé tiwọn, èèyàn a máa bá ọ̀gá kan ṣiṣẹ́ títí irun á fi funfun. Mo bọ̀wọ̀ fún bàbá, àmọ́ èmi ni ẹni tó dúró. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí níbẹ̀.

Ọdún 2008 ni mo wọ ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Odógunyán, ní Ìkòròdú níbí. N kò ní dárúkọ rẹ̀ torí mo ṣì wà níbẹ̀. Àyẹ̀wò ọjà ni iṣẹ́ mi: bí ìgò bá ti jáde nínú ẹ̀rọ, màá gbé e sókè sí iná, màá wo ìdí rẹ̀, màá wo ọrùn rẹ̀ àti ibi tí ọmọrí ti ń wé mọ́ ọn. Kí ẹ̀rọ kan tó bàjẹ́ ni mo ti ń mọ̀, torí dídún rẹ̀ á yí padà. Pípẹ́ nídìí rẹ̀ ló kọ́ mi. Ìgò tí mo bá ti fọwọ́ sí, oníbàárà kì í dá a padà.

Nígbà tí ìjọba ti Èkó pa nítorí kòrónà, ní alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2020, ìgò tí wọ́n ń rọ sanitáísà sí ni gbogbo èèyàn ń wá. Ọ̀gá wa bẹ̀ wá pé kí ẹni tó bá lè sùn sílé iṣẹ́ dúró. Mo dúró. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi sùn lórí páálí, tí àwọn ọmọ mi wà lọ́dọ̀ ìyá mi ní Ìgbógbò, orí fóònù ni mo ti ń gbọ́ ohùn wọn. Èyí tó kéré jù kò tí ì pé ọmọ ọdún mẹ́rin. Ẹnikẹ́ni ò fipá mú mi, mo gbà pé tèmi náà ni ilé iṣẹ́ yẹn. Nígbà tí wọ́n ṣí ìlú lóṣù karùn-ún, wọ́n fún wa ní páálí bísíkíìtì kọ̀ọ̀kan, ọ̀gá sì sọ níwájú gbogbo èèyàn pé àwa ni òpó ilé iṣẹ́. Inú mi dùn, kí n má purọ́. Bísíkíìtì yẹn tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òpó yẹn, mo gbé e sọ́kàn fún ọdún mẹ́rin gbáko.

Lọ́dún 2024, òfin sọ owó oṣù tó kéré jù lọ di 70,000 naira. Ilé iṣẹ́ fi kún owó wa, wọ́n sì mú gbogbo wa bá ara wa dọ́gba. Ọmọ tó dé lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, tí mo ṣì ń fi bí wọ́n ṣe ń di ìgò mú hàn, iye tí ó ń gbà ni mò ń gbà. Ọmọ náà ò ṣẹ̀ mí. Owó ọ̀hún pàápàá kò tó o, ẹni tó bá ń wọ kórópe láti Ìgbógbò dé gáréèjì, tó tún ń wọ ọkọ̀ Ṣágámù lọ sí Odógunyán, mọ ohun tí ọkọ̀ ń gbà lápò èèyàn látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo lọ́dún 2023. Àmọ́ mo bi ara mi pé, ọdún mẹ́rìndínlógún tèmi dà?

Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ mi ló wá là mí lójú. Ọjọ́ kan náà la jọ wọlé. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, wọ́n fún un níwèé pé iṣẹ́ parí, kó máa lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa sì sọ pé ẹni tó bá ti lo ọdún márùn-ún sókè, oṣù kan ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi sọ fún un ṣáájú. Ó lọ bá wọn. Wọ́n ṣí ìwé fún un: oṣù mọ́kàndínlógún péré ló ti lò lọ́dọ̀ wọn, ẹni tí kò bá sì tí ì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ kan náà ni tirẹ̀ nínú òfin.

Ṣé ẹ rí i, agbaṣẹ́ṣe tó ń kó òṣìṣẹ́ wá fún ilé iṣẹ́ ni orúkọ wa wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ìgbà mẹ́ta sì ni wọ́n ti pààrọ̀ agbaṣẹ́ṣe. Wọ́n á pè wá, wọ́n á ní kí a fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, wọ́n á fún wa ní káàdì tuntun, a ó sì padà sídìí ẹ̀rọ kan náà, lábẹ́ ọ̀gá kan náà, aago méje àárọ̀ sí aago méje alẹ́. A rò pé ìwé lásán ni. A ò mọ̀ pé gbogbo ìgbà tí a bá fọwọ́ sí i la ń di ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Mo sáré lọ bá àwọn tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì mi kí wọ́n tẹ àkọsílẹ̀ mi jáde. Ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń yọ lówó oṣù wa. Òfin ọdún 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ fi ìdá mẹ́wàá tirẹ̀ kún un, kó sì kó gbogbo rẹ̀ lọ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje tó bá ti sanwó. Mo wo ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Oṣù kẹrin ọdún 2020, oṣù tí mo sùn lórí páálí láti ọjọ́ kìíní dé ọjọ́ tó parí, òfìfo ni. Wọ́n yọ ọ́ lówó mi, ìwé owó oṣù mi ṣì wà lọ́wọ́ mi. Kò dé ibi tó ń lọ.

Látìgbà náà, Olóòtú, mi ò mọ ara mi mọ́. Mo ṣì ń dé lásìkò, n kì í sì í parọ́ àìsàn. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá yí ohùn padà báyìí, n kì í sáré pe ẹnikẹ́ni. Màá gbọ́ ọ, màá jókòó jẹ́ẹ́ títí yóò fi dákẹ́. Ó ń dùn mí pé mo dà bẹ́ẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe é, n kò rí oorun sùn, torí mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn.

Àbúrò mi kọ́ aṣọ rírán ní Sábó fún ọdún mẹ́ta. Ọjọ́ tó pé, ọ̀gá rẹ̀ ṣe fírídọ́ọ̀mù fún un. Wọ́n dá aṣọ, wọ́n gbàdúrà, wọ́n fún un níwèé ẹ̀rí, gbogbo ẹgbẹ́ télọ̀ jẹ́rìí sí i pé ọdún mẹ́ta ló lò. Ṣọ́ọ̀bù obìnrin yẹn kò ju yàrá kan lọ, síbẹ̀ ó mọ ọjọ́ tí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ wọlé.

Mo mọ̀ pé dísẹ́ẹ̀lì wọ́n, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló ń tiraka. Kíkọ ọdún èèyàn sílẹ̀ kò jẹ dísẹ́ẹ̀lì. Bí wọ́n bá máa pààrọ̀ agbaṣẹ́ṣe, kí wọ́n gbé ọdún wa lé ẹni tuntun lọ́wọ́. Òfin sì fún àjọ PenCom, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì, lágbára láti gba owó ìtanràn tí kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù lórí owó tí agbanisíṣẹ́ kò bá san. Mo bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n wá sí Odógunyán.

Ọmọ mi àgbà ti rí iṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ kan tí kò jìnnà sí tiwa. Òfin sọ pé kó tó ju oṣù mẹ́ta lọ, wọ́n gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé tó sọ ẹni tó gbà á síṣẹ́, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti iye owó rẹ̀. Mo ti fi bírò yí ọjọ́ náà ká lára kàlẹ́ńdà ilé wa. Bí ọjọ́ náà bá pé tí ìwé kò dé, tí bàbá tó kọ̀wé sí yín sì gbọ́ pé ọmọ mi kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì rẹ̀, ẹ bá mi sọ fún wọn pé kì í ṣe ojúkòkòrò. Èmi ìyá rẹ̀ ni mo ní kó máa bọ̀ nílé.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ìgbógbò, Ìkòròdú.
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́.