Ọdún Àkọ́kọ́ Lẹ́yìn Láísẹ́ẹ̀sì

Sí Olóòtú,

Ní ọ̀sẹ̀ tí ọmọ mi ọkùnrin, ẹni ọdún 19, gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ rẹ̀, ó bẹ̀ mí pé kí n yọ̀ǹda ọkọ̀ kí òun lè gbé ọ̀rẹ́ mẹ́rin lọ sí òde ìgbéyàwó ní Èkó, kí wọ́n sì padà sí Ìbàdàn lóru. Mo kọ̀. Ó ní kò sí òfin tó ní kí òun má lọ, òótọ́ ló sì sọ.

Nígbà tó ń kọ́ ọkọ̀, àmì L wà níwájú àti lẹ́yìn mọ́tò, ẹni tó ní láísẹ́ẹ̀sì sì gbọ́dọ̀ jókòó tì í. Ṣùgbọ́n bí káàdì náà ṣe bọ́ sí i lọ́wọ́ báyìí, gbogbo ìdè já lẹ́ẹ̀kan náà, òun àti ẹni tó ti wakọ̀ fún 30 ọdún sì di ẹgbẹ́ lójú ọ̀nà márosẹ̀. Ojú ọ̀nà náà lóru ló ń bà mí lẹ́rù jù: tírélà tó bàjẹ́ láìní iná, tó jẹ́ pé ewé tí wọ́n já sílẹ̀ lójú títì nìkan ni ìkìlọ̀, kò sì sí ilé ìwé ìwakọ̀ tó ń kọ́ni bí a ṣe ń tètè rí ewé bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọ̀rẹ́ mẹ́rin ń pariwo létí ẹni.

Ní New Zealand, láti 1987, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yege kì í dá wakọ̀ láti aago mẹ́wàá alẹ́ sí márùn-ún ìdájí, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ kó ọ̀rẹ́ sọ́kọ̀ láìsí àgbà awakọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní Ìlú Ọba, awakọ̀ tuntun tó bá gba àmì ẹ̀ṣẹ̀ mẹ́fà láàárín ọdún méjì yóò pàdánù láísẹ́ẹ̀sì rẹ̀, yóò sì tún ìdánwò ṣe. Fóònù tó dì mọ́wọ́ nídìí ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré sì ti tó àmì mẹ́fà.

Mo rọ àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó àti àwọn aṣòfin pé kí wọ́n fi irú òfin òru àti ti ọ̀rẹ́ yìí sí ọdún àkọ́kọ́ awakọ̀ wa. Kí ọjọ́ tí yóò parí wà lára káàdì gan-an, kí ó má baà di ọ̀nà owó ẹ̀yìn fún àwọn tó ń dá ọkọ̀ dúró.

Ọmọ mi ṣì ń bínú sí mi. Ì bá rọrùn fún àwa méjèèjì ká ní òfin ló kọ̀ fún un, tí kì í ṣe èmi.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òbí kan, Ìbàdàn