Ẹ Ka Ògiri Ṣọ́ọ̀ṣì Àtijọ́ Kí Ẹ Tó Fọwọ́ Kàn Án

Ẹ̀yin ọmọ wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìjọ o. Owó àtúnṣe ti ń wọlé, bíríkìlà sì ti wá wo ilẹ̀. Àwọn kan nínú yín ní kí a wó ṣọ́ọ̀ṣì amọ̀ náà, àwọn kan ní kí a fi símẹ́ńtì rẹ́ ẹ kó lè dán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Ọ̀nà méjèèjì ló ń pa ilé, ti símẹ́ńtì ló sì máa ń pa á láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni fura.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ ní. Àwọn míṣọ́nnárì Townsend àti Crowther tẹ̀dó sí Abẹ́òkúta ní 1846. Míṣọ́nnárì Hinderer àti Anna ìyàwó rẹ̀ tẹ̀dó sí Ìbàdàn ní 1853. Láti irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni ìgbàgbọ́ ti gba oko lọ. Ìjọ abúlé a bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà imọ̀ ọ̀pẹ. Bí èrò bá ń pọ̀, wọn a mọ ògiri amọ̀, wọn a fi koríko bẹẹrẹ bò ó ní ilẹ̀ ọ̀dàn, tàbí ewé gbòdògì nínú igbó. Páànù ló tẹ̀lé e. Owó kòkó sì mú búlọ́ọ̀kù dé. Wọn kì í sábà wó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ilé kan ṣoṣo lè gbé iṣẹ́ ìran mẹ́ta sára.

Ẹ lọ dúró níbi tí ògiri pẹpẹ ti pàdé ògiri ibi ìjókòó. Bí ẹ bá rí ìlà kan tó gùn tààrà láti ilẹ̀ dé òkè, tí iṣẹ́ apá kan kò wọnú èkejì, wọ́n fi apá kan kún èkejì ni. Ẹ fi téèpù wọn bí ògiri ṣe nípọn lójú fèrèsé: ti amọ̀ a máa tó íǹṣì 18, ti búlọ́ọ̀kù kì í sábà ju 9 lọ. Níbi tí ẹ̀rẹ́, ìyẹn ohun tí wọ́n fi rẹ́ ojú ògiri, ti ṣí, ẹ ó rí ìlà tó lọ gbọọrọ ní ìbú. Ìpele amọ̀ nìyẹn. Wọ́n mọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n jẹ́ kó gbẹ kí òmíràn tó gùn ún. Bí orí fèrèsé bá tẹ̀ bí òṣùmàrè, tí òdòdó símẹ́ńtì sì yí i ká, àṣà àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé nìyẹn. Ọ̀kan nínú wọn, João Baptista da Costa, ló kọ́ Mọ́ṣálásí Shitta-Bey l'Ékòó, tí wọ́n ṣí ní 1894.

Ẹ má gba òkúta ìpìlẹ̀ gbọ́ tán. Ọjọ́ tí wọ́n fi í lélẹ̀ ló sọ. Owó lè tán kí òrùlé tó gun orí ilé. Wọ́n tún lè yọ ọ́ lára ilé àtijọ́ sára tuntun. Ọdún tó wà lára agogo náà, ti agogo ni. Bí ẹ bá lọ bá àwọn ìyá àgbà, ẹ má bi wọ́n ní ọdún. Ẹ bi wọ́n bóyá páànù ti wà lórí kí ogun Hitler tó parí, kí ọkọ̀ tó kúrò lápá òsì bọ́ sí ọ̀tún ní 1972, tàbí kí náírà tó dé ní 1973. Ẹ bi ẹni méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ó wá kan símẹ́ńtì. Amọ̀ máa ń fa omi láti ilẹ̀, ó sì máa ń mí i jáde lára. Bí ẹ bá fi símẹ́ńtì dí i, omi kò rí ọ̀nà, a bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè nínú ògiri, amọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ a sì rọ̀. Lójú, ilé ń dán. Ẹ fi ìka lù ú: bó bá dún bí ihò, ẹ̀rẹ́ ti ya kúrò lára. Lọ́jọ́ kan a já lulẹ̀ pẹ̀lú amọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ènìyàn a tún po símẹ́ńtì tó le jù ti àkọ́kọ́. Àṣìṣe tó ń wó ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn.

Bí símẹ́ńtì bá ti wà lára ògiri, ní ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ ṣí i kúrò, díẹ̀díẹ̀, kí ògiri gbẹ dáadáa. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ ìta títí yóò fi fi íǹṣì 6 rẹlẹ̀ ju ti inú lọ. Ẹ má da kọ́ńkéré mọ́ ìdí ògiri. Kí ojú àgbàrá fi ẹsẹ̀ bàtà 3 jìnnà sí i. Bẹẹrẹ máa ń wálẹ̀ bo ògiri, ṣùgbọ́n nígbà tí páànù dé, wọ́n ń gé etí òrùlé kúrú kí owó má bàa pọ̀. Ẹ jẹ́ kó yọ tó ẹsẹ̀ bàtà 2. Orí ìgun páànù ni kí ìṣó wọlé, kì í ṣe inú kòtò rẹ̀.

Fún ẹ̀rẹ́ tuntun, ẹ lo amọ̀ àdúgbò, yanrìn àti koríko gígé. Láti dán amọ̀ náà wò, ẹ bù ú sínú ìgò dé ìdá kan nínú mẹ́ta, ẹ bu omi sí i, ẹ mì í, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú. Yanrìn ló máa wà nísàlẹ̀, kí ó sì ju ìdajì lọ. Bí amọ̀ bá pọ̀ jù, ẹ̀rẹ́ yóò sán bí ẹsẹ̀ àgbẹ̀ lásìkò ọyẹ́. Ẹ kọ́kọ́ rẹ́ ìwọ̀nba ẹsẹ̀ bàtà 3 níbùú àti lóròó lẹ́yìn ilé, kí òjò ọdún kan rọ̀ lé e, kí ẹ tó fọwọ́ kan ìyókù.

Àwa àgbà ìjọ yín