Ọ̀rọ̀ Lẹ́mọ́ọ̀mù: Ẹ̀bùn Láàárín Ìjọba sí Ìjọba

Assalamu alaikum, ẹ̀yin ará ìjọ wa.

Nígbà tí ìwé Ànọ́bì Sulaimọ́n dé ọ̀dọ̀ ọbabìnrin Sàbà, àwọn ìjòyè rẹ̀ ní agbára ogun ń bẹ lọ́wọ́ àwọn. Obìnrin náà kò gbé ogun dìde; ẹ̀bùn ló kó ránṣẹ́, ó ní òun óò máa retí èsì tí àwọn ìránṣẹ́ máa mú bọ̀. Ó wà nínú Suratu Naml, aya 35. Bí Ànọ́bì Sulaimọ́n bá gba ẹrù yẹn, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run tó torí ẹ̀ kọ̀wé ti di ọ̀rọ̀ owó nìyẹn. Ó dá a padà. Síbẹ̀, Ànọ́bì wa (s.a.w.) gba ẹ̀bùn tí Muqawqis, alákòóso Íjíbítì, fi ránṣẹ́. Gbígbà kò léèwọ̀. Ohun tí ẹ̀bùn fẹ́ rà lọ́wọ́ ẹni ni kí á kọ́kọ́ wò.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ìjọba ń ṣe títí dòní. Láti 1948 sí 1952, Amẹ́ríkà fún àwọn ará Yúróòpù ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 13 dọ́là láti tún ìlú wọn ṣe lẹ́yìn ogun. Ọ̀pọ̀ nínú owó náà tún padà lọ ra ọjà Amẹ́ríkà. Ṣáínà kọ́ olú ilé iṣẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà sí Addis Ababa, mílíọ̀nù 200 dọ́là, wọ́n ṣí i ní 2012. Ní 2018, ìwé ìròyìn Le Monde ní ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà ilé náà ń lọ sí Shanghai lóròòru. Ṣáínà ní irọ́ ni. Kó tiẹ̀ jẹ́ irọ́, ẹni tó bá wa kọ́lé, tó bá wa fa wáyà rẹ̀, ó mọ kọ́lọ́fín ilé náà jù wá lọ, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí.

Níbi ìnáwó ní Ìlọrin, ẹnìkan á jókòó ti ìwé, á máa kọ orúkọ àti iye tí oníkálukú mú wá. Láàárín ìjọba, ọwọ́ ẹni tó fúnni ni ìwé yẹn máa ń wà. Ọjọ́ ìbò ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ni wọ́n máa ń ṣí i, tàbí ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ èbúté àti kùsà bá délẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nípò ìjọba láàárín wa, ẹ rántí Ibn al-Lutbiyya, tí Ànọ́bì wa rán lọ gba sàká. Ó kó o dé, ó ní, "Tiyín nìyí, èyí ni wọ́n fi ta mí lọ́rẹ." Ànọ́bì gun mímbárì, ó ní ṣé bó bá jókòó sílé bàbá àti ìyá rẹ̀, ẹ̀bùn yẹn á wá bá a níbẹ̀? Òfin ilẹ̀ wa ti 1999 sọ ọ́ ní Àfikún Karùn-ún pé ẹ̀bùn ibi ayẹyẹ, ti ilé iṣẹ́ ni. Ti ara ẹni kò gbọdọ̀ kọjá ohun tí ẹbí àti ọ̀rẹ́ ń fúnni gẹ́gẹ́ bí àṣà. Kí àlejò tó kúrò níwájú yín, ẹ kọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́, ohun tó mú wá àti iye tó tó, kí ẹlòmíràn sì bá yín fọwọ́ sí i. Tó bá fi di "màá kọ ọ́ lọ́la", inú bùùtù mọ́tò ni ẹrù náà máa ń gbà délé.