Bá mi tẹ́tí sí ìlù yẹn

Agodi, Ìbàdàn
Ọjọ́ 9, oṣù Ọ̀wàrà

Àdùkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Òtútù Vancouver ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọn ò tíì gbàgbé Yorùbá tán? Màámi ní kí n kí ọ. Wọ́n ní àwọn ò gbàgbé pé o kò jẹ àmàlà rẹ tán lọ́jọ́ tí ò ń lọ.

O ti rí i lórí WhatsApp pé fẹ́sítífà kan, àjọ̀dún fíìmù níbẹ̀ lọ́dọ̀ yín, ti mú fíìmù wa. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nídìí rẹ̀ ju ohun tí mo lè fi ohùn gbà ránṣẹ́ lọ, mo sì tún ní iṣẹ́ kan tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́. N ó dé ibẹ̀.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ dúpẹ́ ọ̀rọ̀ káàdì. Nígbà tí ọ̀pọ̀ báǹkì wa sọ ní ìparí ọdún 2022 pé káàdì náírà kò gbọdọ̀ ná owó lókè òkun mọ́, ojú àwa tí a ń fi fíìmù ránṣẹ́ rí nǹkan. Fẹ́sítífà yìí ní kí o san dọ́là 20 kí wọ́n tó wo fíìmù rẹ, òmíràn ní dọ́là 35, o sì lówó náà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà tí o lè gbà san án. Bí kì í bá ṣe ìwọ tó ń fi káàdì rẹ san án fún mi, orí láptọ́ọ̀pù mi ni fíìmù náà ì bá wà títí di òní.

Ǹjẹ́ o tiẹ̀ mọ̀ pé Vancouver yín níbẹ̀ ni FilmFreeway wà, ìkànnì tí a ń gbà fi fíìmù ránṣẹ́ sí fẹ́sítífà? Ó ṣeé ṣe kí o máa gba iwájú ọ́fíìsì wọn kọjá lójoojúmọ́. Kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tó dé, ńṣe ni èèyàn máa ń di téèpù tàbí DVD sínú àpò ìwé, á kọ fọ́ọ̀mù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún fẹ́sítífà kọ̀ọ̀kan, á wá máa gbàdúrà sí ilé ìfìwéránṣẹ́. Withoutabox ló kọ́kọ́ gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2000. IMDb, tó jẹ́ ti Amazon, rà á ní 2008, ó sì di pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ibòmíràn téèyàn lè gbà. FilmFreeway wá dé ní 2014, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ní fíìmù láti ṣí ojú-ìwé síbẹ̀, inú owó tí fẹ́sítífà bá gbà ló ti ń yọ tirẹ̀. Nígbà tó fi máa di 2019, Withoutabox ti kógbá sílé.

Mo fẹ́ràn rẹ̀, n kò ní purọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo gbé fíìmù sí i, fẹ́sítífà mẹ́wàá sì rí i. Àmọ́ ilẹ̀kùn tó gba èmi náà ló gba gbogbo ayé, ó sì gba àwọn oníjìbìtì. Oríṣi fẹ́sítífà kan wà tó jẹ́ pé oṣooṣù ló ń ṣe àjọ̀dún, kò ní gbọ̀ngàn, kò ní òǹwòran, gbogbo ẹni tó bá ti sanwó ló ń gba àmì ẹ̀yẹ. Mo bọ́ sọ́wọ́ ọ̀kan. Wọ́n fi àwòrán ewé méjì tó ká orúkọ fíìmù wa mọ́ ránṣẹ́ sí mi, ni màámi bá ní kí n tẹ̀ ẹ́ sára ògiri. O rántí ìgbà tí a lọ sí fẹ́sítífà iREP ní Freedom Park l'Ékòó, ọgbà tó ti jẹ́ ẹ̀wọ̀n rí láyé òyìnbó amúnisìn? Orí àga rọ́bà la jókòó sí, ẹ̀fọn ń jẹ wá, bàbá kan sì bá olùdarí fíìmù fa ọ̀rọ̀ títí wọ́n fi fẹ́ẹ̀ pa iná. Ohun tí mo mọ̀ sí fẹ́sítífà nìyẹn. Ti elewé méjì yẹn, kò sẹ́nì kankan tó bá mi fa ọ̀rọ̀.

Èrò mi ni pé nígbà tí a ti ya fíìmù tán, iṣẹ́ tó le ti parí. DCP, ìyẹn àkójọ fáìlì tí ilé sinimá ń lò, ló jẹ́ kí n mọ̀ pé n kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ilé sinimá gidi kì í fi irú fáìlì tí à ń wò lórí fóònù hàn. Àwọn ilé-iṣẹ́ fíìmù ńláńlá Hollywood ló kóra jọ ní 2002 láti fẹnu kò lórí bí yóò ṣe máa rí, wọ́n sì gbé ìlànà náà jáde ní oṣù Agẹmọ 2005. Àwòrán kọ̀ọ̀kan dá dúró bíi fọ́tò, ohùn wà nínú fáìlì tirẹ̀, ìwé kékeré kan sì ń sọ fún ẹ̀rọ èyí tó ṣíwájú àti èyí tó tẹ̀lé e. Bó bá jẹ́ fíìmù olówó, wọ́n á tún tì í pa. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní KDM, orí sáfà (ẹ̀rọ tó ń gbé fíìmù jáde ní sinimá) tí wọ́n dárúkọ sínú rẹ̀ nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́, láti aago báyìí sí aago báyìí. Tiwa kò ní àgádágodo. Ta ló fẹ́ jí i?

Iye tí wọ́n pè fún mi l'Ékòó láti bá mi ṣe DCP, mo rò pé ilé ni wọ́n fẹ́ tà fún mi. Ni mo bá gba DCP-o-matic lọ́fẹ̀ẹ́, sọ́fítíwíà tí Carl Hetherington kọ, Ọlọ́run á bá wa san án fún un. Ìṣẹ́jú 24 géérégé ni fíìmù wa, àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, bí tẹlifíṣàn ilẹ̀ wa ṣe ń ṣe é. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ àwòrán 36,000. Èmi rò pé 24 nìkan ni sinimá mọ̀, òun ni mo sì yàn. Sọ́fítíwíà náà kọ ọ́ síwájú mi gbàgàdà pé DCP yóò máa rìn díẹ̀díẹ̀ ju bí a ṣe yà á lọ. N kò kà á. Mo tẹ bọ́tìnì, mo lọ sùn.

Nígbà tí mo ti fi í ránṣẹ́ sí fẹ́sítífà náà tán, mo pe Bàbá Àyàn, onílù wa, kí wọ́n wá fojú rí iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Wọ́n jókòó, wọ́n gbọ́ ohùn dùndún wọn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n fi ife omi sílẹ̀.

"Ta ló dẹ ọṣán ìlù mi?"

Mo ní kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Wọ́n ní irọ́ ni mò ń pa. Ìgbà náà ni mo wo aago ìsàlẹ̀: ìṣẹ́jú 25! Àwòrán 36,000 yẹn náà ni, ṣùgbọ́n 24-24 ni wọ́n ń kọjá, ohùn gbogbo sì ti bá wọn wálẹ̀. Ti màámi tó ń sọ ìtàn náà wálẹ̀. Èmi tí mo gbọ́ ọ láàárọ̀, mo kàn rò pé oorun ń kùn wọ́n lọ́jọ́ tí a gba ohùn wọn ni.

Mo kọ̀wé sí ọmọkùnrin tó ń bójú tó ẹ̀rọ ní fẹ́sítífà náà. Láàárín wákàtí kan ó ti fèsì, ó sì ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní DCP oríṣi méjì ló wà: ti àtijọ́, Interop, kì í gba 25, ti tuntun, SMPTE, ń gbà á, sáfà tiwọn sì lè fi í hàn. Mo tún un ṣe. Gígábáìtì 19. Bódìjà ni mo gbé e lọ, sọ́dọ̀ ẹni tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dára díẹ̀. Alẹ́ àkọ́kọ́, iná lọ. Alẹ́ kejì, ó dé 93 nínú 100, ó gé, a tún bẹ̀rẹ̀ látorí òdo. Alẹ́ kẹta ló tó wọlé, aago márùn-ún ìdájí, mùẹ́síìnì ń pèrun.

Àmì ohùn náà tún fẹ́ pa mí lẹ́rìn-ín. Gẹ̀ẹ́sì tí o kọ sábẹ́ àwòrán kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, orin ni wàhálà, nítorí mo fẹ́ kí Yorùbá rẹ̀ hàn. Nínú kọ̀ǹpútà, lẹ́tà ọ ní àyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀ kò ní. Ọ ni wọ́n ń mú, kí wọ́n tó gbé àmì ka orí rẹ̀. Fọ́ǹtì tí kò gbọ́n á ju àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tàbí kó fi àpótí òfìfo rọ́pò rẹ̀. "Ọkọ̀ mi ti gúnlẹ̀" wá di "ọkọ mi ti gúnlẹ̀". Àdùkẹ́, n kò fẹ́ kí wọ́n fún màámi lọ́kọ tuntun ní Kánádà. Mo lẹ ọ̀rọ̀ orin mọ́ àwòrán gan-an, kó má sí fọ́ǹtì ẹnikẹ́ni láàárín wa.

Wọn yóò tún gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ọjọ́ mélòó kan, bí àwọn fẹ́sítífà ṣe ń ṣe láti 2020 tí kòrónà ti ilé sinimá pa. British Columbia nìkan ni wọ́n ṣí i fún, kí fẹ́sítífà ibòmíràn má baà sọ pé gbogbo ayé ti wò ó tán. Ìdí rẹ̀ yé mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá tẹ líǹkì náà láti Agodi, yóò sọ fún mi pé fíìmù yìí kò sí ní àdúgbò mi. Agodi tí mo ti yà á!

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ rán ọ nìyí. Ẹ̀dà méjèèjì ló wà lọ́wọ́ wọn báyìí, ti àkọ́kọ́ àti ti tuntun, orúkọ wọn sì jọra bí ìbejì. Ọmọkùnrin yẹn ní òun ti pa ti àkọ́kọ́ rẹ́, mo gbà á gbọ́, síbẹ̀ ara mi kò balẹ̀. Wọn yóò dán ẹ̀rọ wò ní ọjọ́ Ẹtì tó gbẹ̀yìn oṣù Bélú, aago mẹ́wàá àárọ̀. Mo ti fi orúkọ rẹ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá Àyàn bẹ̀rẹ̀ sí í lùlù ní ìṣẹ́jú kẹta. Mo ti fi ohùn ìlù náà nìkan ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ. Fi etí kan gbọ́ ọ, kí o fi èkejì gbọ́ ti sinimá. Bí wọ́n bá bára mu, jókòó, kí o máa gbádùn ara rẹ. Bí ti sinimá bá rẹlẹ̀, má jẹ́ kí wọ́n bá iṣẹ́ lọ, ẹ̀dà tí mo ṣe lójú oorun ni wọ́n gbé sí i.

Kí o pè mí láti ibẹ̀. Ọwọ́ alẹ́ ni yóò jẹ́ níbí, Bàbá Àyàn sì ti ní àwọn ń bọ̀ wá jókòó ti fóònù.

Tìrẹ ni,
Àkànní