Àbẹ̀kẹ́, kí o tó wọ aṣọ iṣẹ́ náà

Kétu, alẹ́ ọjọ́ Àìkú

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Ṣé dáadáa lo wà ní Kùtọnù? Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Orúnkún tó ń dùn wọ́n ti rọlẹ̀ díẹ̀, wọ́n tiẹ̀ fẹsẹ̀ rìn dé Àkàbà Ìdẹ́nà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa, lánàá, wọ́n sì padà láìsinmi lọ́nà. Àbúrò rẹ náà ń kí ọ.

Láti Ọjọ́rú tí o ti pè mí ni ohùn rẹ kò ti kúrò létí mi. O ò sunkún, àmọ́ èmi ni mo bí ọ, mo mọ ohùn rẹ nígbà tí ẹkún bá wà lẹ́yìn rẹ̀. O ní olùkọ́ tó ń kọ́ yín níṣẹ́ títọ́jú èrò inú bàálù tò yín síwájú dígí, ó ń wò yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní irun dídì tó wà lórí rẹ kò gbọ́dọ̀ wọ inú bàálù. Ó ní kí o kun ètè ní pupa, kí o ra bàtà gogoro. Ó wá rọra sún mọ́ ọ, ó ní bí àwọ̀ rẹ bá lè mọ́lẹ̀ sí i díẹ̀, ìrísí rẹ á pé. O bi mí pé, "Màámi, ṣé kí n gbà ni àbí kí n kọ̀?" Mi ò dá ọ lóhùn lórí fóònù. Inú ló bí mi, mi ò sì fẹ́ fi inú bíbí gbà ọ́ nímọ̀ràn.

O mọ̀ pé aránṣọ ni mí, ibi tí ojú mi mọ ni màá ti bá ọ sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ ní Àjàṣẹ́, ọ̀gá mi obìnrin kì í gbà kí a ránṣọ láìronú. Wọ́n á fi ìka tọ́ ojú abẹ́rẹ́ kan, wọ́n á ní, "Iṣẹ́ wo lèyí ń ṣe níbí?" Tí a ò bá rí èsì fọ̀, wọ́n á ní kí a tú u. Ohun tí mo fẹ́ kí o fi wo òfin tí wọ́n kà fún yín nìyẹn. Mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o bi wọ́n: iṣẹ́ wo lò ń ṣe?

Jẹ́ kí n ti orí bàtà bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí àbúrò rẹ bá mi wá ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yín lórí fóònù rẹ̀, odindi alẹ́ méjì la fi kà á. Kí wọ́n tó gba irú bàálù ńlá kan láyè láti máa kó èrò, wọ́n gbọ́dọ̀ fi hàn pé gbogbo ẹni tó wà nínú rẹ̀ lè jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá 90, kódà bí ìdajì ilẹ̀kùn rẹ̀ kò bá ṣeé ṣí. Ìṣẹ́jú kan àbọ̀ péré! Ní ọjọ́ 2 oṣù kìíní ọdún 2024, bàálù Japan Airlines kan kọlu bàálù mìíràn ní pápákọ̀ òfurufú Haneda ní Tokyo, iná sì sọ. Èèyàn 379 ló wà nínú ti Japan Airlines. Ilẹ̀kùn mẹ́ta péré ló ṣeé lò nínú mẹ́jọ, síbẹ̀ gbogbo wọn ló jáde láàyè. Nínú bàálù kejì, tó kéré, èèyàn márùn-ún kú, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún wọn. Àbẹ̀kẹ́, àwọn tó kó èrò jáde nínú èéfín yẹn, iṣẹ́ tí ìwọ fẹ́ ṣe ni wọ́n ń ṣe. Àwọn òṣìṣẹ́ méjìlá péré ni wọ́n, awakọ̀ wà nínú wọn. Nígbà tí mo kà á dé ibẹ̀, mo pa fóònù dé, mo sì gbàdúrà fún ọ.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo wá ń ro ti ẹsẹ̀ wọn. Èrò tó bá wọ bàtà gogoro, wọ́n máa ń ní kó bọ́ ọ kó tó fò sórí ohun tí wọ́n ń gbà yọ̀ sọ̀kalẹ̀, kí gìgísẹ̀ bàtà má baà gún un. Kí ló wá dé tí a ó fi bàtà náà sẹ́sẹ̀ ẹni tó máa kó wọn jáde? Japan Airlines yìí kan náà ti mú bàtà gogoro kúrò ní dandan fún àwọn obìnrin wọn láti oṣù kẹrin ọdún 2020, wọ́n sì gbà wọ́n láyè láti wọ ṣòkòtò. Bí tiyín bá ṣì ní dandan ni, wá èyí tí gìgísẹ̀ rẹ̀ gbòòrò tí kò sì ga, kí o béèrè bóyá o lè wọ èyí tó tẹ́jú bí ẹ bá ti gbéra. Ìrọ̀lẹ́ ni kí o lọ ra bàtà o, má lọ láàárọ̀. Ẹsẹ̀ máa ń wú tí èèyàn bá pẹ́ lójú òfurufú, bàtà tó bá fún ọ ní ọjà yóò pa ọ́ lára lókè.

Bí wọ́n bá fún ọ ní aṣọ iṣẹ́ náà, kí o tó wọ̀ ọ́, yọ fọ́nrán kan níbi etí tí wọ́n ká sínú, kí o fi iná kàn án. Bí ó bá jó bí ìwé tó sì di eérú, òwú ni. Bí ó bá ká kò, tó yọ́, tó di kóró líle, aṣọ ọ̀rá ni, irú rẹ̀ sì máa ń yọ́ lẹ̀ mọ́ ara bí iná bá rà á. O ò lè pààrọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n o lè wọ òwú sábẹ́ rẹ̀. Mo ti rán ẹ̀wù àwọ̀tẹ́lẹ̀ òwú mẹ́fà fún ọ, funfun ni gbogbo wọn, kò ní hàn.

Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé bí iṣẹ́ náà ṣe rí láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyí. Ellen Church, obìnrin tó kọ́kọ́ ṣe é ní Amẹ́ríkà ní oṣù karùn-ún ọdún 1930, nọ́ọ̀sì ni. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbà, torí pé àwọn èrò ń bẹ̀rù, wọ́n sì ń bì. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì yẹn kò gbọ́dọ̀ lé ní ọdún 25, kò gbọ́dọ̀ ní ọkọ, kò gbọ́dọ̀ wúwo ju bíi kílò 52 lọ. Ní ọdún 1958 ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà, Ruth Carol Taylor, tó ṣe é. Nọ́ọ̀sì lòun náà, kò sì lò ju nǹkan bí oṣù mẹ́fà lọ tó fi fiṣẹ́ sílẹ̀, nítorí pé ó lọ́kọ. Nígbà tó fi máa di ọdún 1971, ṣòkòtò péńpé tó dé orí itan ni ilé iṣẹ́ bàálù Southwest níbẹ̀ fi ń wọ àwọn ọmọbìnrin wọn kí ọkùnrin oníṣòwò lè máa wọ ọkọ̀ wọn. Iṣẹ́ wo ni ṣòkòtò yẹn ń ṣe fún ẹni tó wọ̀ ọ́? Mo ti ránṣọ fún ọ̀pọ̀ obìnrin, mi ò rí èsì kankan.

Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn ilé iṣẹ́ bàálù ń tú gbogbo rẹ̀. EgyptAir gba ìbòrí àwọn obìnrin mùsùlùmí láyè ní 2012. Virgin Atlantic ní lọ́dún 2019 pé kíkun ojú kì í ṣe dandan mọ́. Qantas sọ bẹ́ẹ̀ ní 2023, wọ́n tún ní ọkùnrin lè dá irun gígùn sí. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti British Airways. Ní ọdún 2023 kan náà ni wọ́n wọ aṣọ tuntun, lẹ́yìn nǹkan bí ogún ọdún, Ozwald Boateng ló sì gé e, ẹni tí bàbá àti ìyá rẹ̀ wá láti Gánà. Ṣòkòtò wà níbẹ̀ fún obìnrin, ìbòrí wà níbẹ̀. Ọmọ aláwọ̀ dúdú ló mú síṣọ́ọ̀sì dání! Mo gé àwòrán rẹ̀, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù.

Ọ̀rọ̀ irun rẹ wá kù. Ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yín yìí ní Air France ní 1998. Ní 2005 ó di irun rẹ̀, ó ká a sẹ́yìn orí dáadáa. Wọn ò jẹ́ kó wọ ọkọ̀, torí pé ìwé òfin wọn gba obìnrin láyè láti di irun, kò gba ọkùnrin. Ó fi bí ọdún méjì dé irun àtọwọ́dá lé irun ara rẹ̀ kó lè rí iṣẹ́ ṣe. Nígbà tó yá, ní 2012, ó gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Wọ́n dá a lẹ́bi níbí, wọ́n dá a lẹ́bi lọ́hùn-ún, ó di ọjọ́ 23 oṣù kọkànlá ọdún 2022 kí Cour de cassation, ilé ẹjọ́ tó ga jù fún irú ẹjọ́ yẹn nílẹ̀ Faransé, tó sọ pé ó jàre: ohun tí wọ́n gbà fún obìnrin, kò tọ́ kí wọ́n sọ ọ́ di èèwọ̀ fún ọkùnrin. Ọdún mẹ́wàá gbáko!

Mo kà á sókè fún bàbá rẹ. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé ẹlẹ́gùn Ṣàngó kọ́ ni ọkùnrin tí irun dídì yẹ lórí láti ayé àwọn baba wa?" Òótọ́ ni. Nígbà tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá sì jáde nílùú wa yìí, ọkùnrin ló wà lábẹ́ gèlè àti ọmú igi yẹn, tó ń fi ijó júbà àwọn ìyá. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé kò yẹ.

Nítorí náà, kí ni òfin irun wà fún? Kí irun má bọ́ sínú oúnjẹ èrò, kí ó má bo ọ lójú, kí ọwọ́ ẹni tí ẹ̀rù ń bà má rí i fà. Kọlẹ́sẹ̀ tí a di mọ́ orí, tí a sì so ẹ̀yìn rẹ̀ pọ̀, ṣe gbogbo iṣẹ́ yẹn yanjú. Lọ bá olùkọ́ yín nígbà tí òun nìkan bá wà, kí o kúnlẹ̀ kí i bí mo ṣe kọ́ ọ, kí o sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé mo lè ka ibi tí ìwé ti sọ ọ́?" Ó lè jẹ́ pé ohun tó wà nínú ìwé ni pé kí irun wà ní títò, kí ó jẹ́ pé ẹnu ara rẹ̀ ló fi kún ìyókù. Bí ó bá wà nínú ìwé lóòótọ́, tú u, kí o ká irun rẹ sẹ́yìn bó ṣe hù, ṣùgbọ́n má fà á le. Irun tí wọ́n ń fà le lójoojúmọ́ máa ń pá iwájú orí. Má sì fi kẹ́míkà jó o.

Ohun kan wà tí mi ò sọ fún ọ rí. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún 19, mo lọ wáṣẹ́ ní ilé ìtura kan ní Kùtọnù. Mo gbọ́ Faransé, ìwé mi pé. Ọkùnrin tó ń gbani síṣẹ́ fi báírò tọ́ka sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó ní ilà yìí yóò dẹ́rù ba àlejò, ó sì ní kí n lọ máa fọ àwo lẹ́yìn. Mo fọ̀ ọ́ fún oṣù mẹ́rin. Ní àràárọ̀ ni mò ń fi àtíkè bo ilà tí ìyá bàbá mi mú mi lọ kọ, tí wọ́n sì gbé mi sẹ́sẹ̀ wọn títí ó fi jinná. Kò bò. Ìdí nìyẹn tí a ò fi kọlà fún ọ, Àbẹ̀kẹ́. Kì í ṣe ọ̀làjú. Ẹ̀rù ló bà mí. Láti 2022 ni Virgin Atlantic ti ń jẹ́ kí òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ wọn fi ara fínfín hàn gbangba. Nígbà tí mo rí i, mo fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi.

Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí o gbọ́ mi yékéyéké lórí ọ̀rọ̀ àwọ̀. Kò sí aránṣọ tó ń gé ara oníbàárà kí aṣọ lè bá a mu. Ètè pupa, kùn ún bí wọ́n bá ní kí o kùn ún. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, mo mọ̀, ohun tí omi lè fọ̀ kúrò lálẹ́ kò sì lè dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti iṣẹ́ rẹ. Ṣùgbọ́n ìpara tó ń bóra kì í ṣe ohun tí omi ń fọ̀. Òmíràn ní mákúrì nínú, èyí tó ń ba kíndìnrín jẹ́. Òmíràn ń sọ àwọ̀ di ẹlẹgẹ́ tí egbò rẹ̀ kì í tètè jinná. Oòrùn sì le lókè ju ilẹ̀ lọ, dúdú ara rẹ yẹn ló ń gbà ọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá ní tí o ò bá bóra o ò lè ríṣẹ́, wá sílé. Owó ẹ̀kọ́ tí a ti san, a ti gbàgbé rẹ̀ nìyẹn, èmi àti bàbá rẹ ti jọ sọ ọ́. Òrí ni kí o máa fi para. Inú bàálù gbẹ bí ìgbà ọyẹ́, ètè àti ọwọ́ rẹ yóò máa là bí o ò bá lò ó.

Ní báyìí, mo fẹ́ rán síkẹ́ẹ̀tì méjì àti ẹ̀wù tí ẹ máa fi dánra wò. Ní kí ọ̀rẹ́ rẹ wọ̀n ọ́: àyà, ìbàdí, àti láti èjìká dé ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn. Nígbà tó bá ń wọn ẹ̀yìn, gbé ọwọ́ rẹ méjèèjì sókè bí ẹni tó ń ti àpótí sínú àjà lórí èrò. Bí o bá dúró ṣánṣán kó tó wọ̀n ọ́, ẹ̀wù náà yóò máa yọ jáde nínú síkẹ́ẹ̀tì ní gbogbo ìgbà tí o bá nawọ́. Fi ìwọ̀n náà ránṣẹ́ sórí fóònù àbúrò rẹ kó tó di Ọjọ́bọ̀. Awakọ̀ tó ń ná Kùtọnù lọ́jọ́ Ẹtì ni màá fi ẹrù náà rán, òrí wà nínú rẹ̀, gàrí náà wà níbẹ̀.

Èmi ni,
Ìyá rẹ